Ilé Ìdógò Létí Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí lọ́yà ń jẹ ní Ìgbòkòdá, ẹja ni mo máa ń sọ. N kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ́fíìsì mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kò jìnnà sí èbúté rárá, nítorí náà òórùn epo àti ẹja yíyan ló máa ń kí àwọn oníbàárà mi káàbọ̀ kí èmi tó kí wọn. Àwọn tó bá rí já jẹ nínú wọn kì í pẹ́ níwájú mi. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ, lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù fún mi, ẹja ni wọ́n ń kó wá bí owó bá wọ́n, mo sì ń jẹ ẹ́.

Ìlú Oǹdó ni wọ́n ti bí mi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà létí omi yìí, síbẹ̀ bí mo bá wọ ọkọ̀, awakọ̀ ṣì máa ń sọ fún mi pé kí n jókòó sáàárín, kí n má lọ yí ọkọ̀ dànù. Iṣẹ́ báńkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ ìwé tí ẹni tó yáwó ń tẹ̀ka sí láti fi ilé rẹ̀ dógò. Nígbà tí àwọn báńkì rí lọ́yà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré sí tèmi, wọ́n pa mí tì. Inú bí mi, mo bá kọjá sí òdìkejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún àwọn tí báńkì fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ẹ má yìn mí o. Ìbínú ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe àánú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìyá arúgbó kan wọlé tọ̀ mí wá. Opó ni, ẹja ló ń yan tà, abúlé kan létí òkun lápá Ayétòrò ló sì ti wá. Ó mú ìwé kóòtù kan jáde láti inú ọ̀rá dúdú, ó gbé e sórí tábìlì mi bí ẹni ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kalẹ̀. Mo kà á. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti yáwó lọ́wọ́ báńkì kékeré kan láti fi ra àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ilé wọn àti ilẹ̀ tó dúró lé ni wọ́n fi dógò. Ọkọ kú kí wọ́n tó san gbèsè náà dé ìdajì, èlé sì ń gorí èlé. Báńkì wá ní kí kóòtù fún àwọn láṣẹ láti gba ilé náà, kí àwọn tà á.

“Aghan báńkì tí ẹ rí yìí,” ìyá náà sọ fún mi, “ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ wá bá wa. Wọ́n jẹ ẹja wa, wọ́n ní ó dùn.” “Aghan” ni àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé etí òkun náà máa ń pe “àwọn”, ìyá náà sì máa ń fi tagbára-tagbára pè é bó bá ti kan báńkì.

“Níbo ni ilé náà wà báyìí, Màmá?”

“Ulé ti ṣí, ọma mi. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti di òkun.”

Ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ lè má mọ̀ pé ilé ń rìn. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ilé níbẹ̀, lórí òpó, wọn á sì fi páànù bò ó. Bí òkun bá sún mọ́ ilé kan débi pé omi ń ta sí ògiri rẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò á pé jọ. Wọn á fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan, wọn á tú ilé náà láti òkè wá sílẹ̀, wọn á na ìṣó tó ti tẹ̀, wọn á sì kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn lọ síbi tí àwọn àgbà bá fi hàn wọ́n. Wọn á tún un tò bó ṣe wà gan-an, yàrá sí ipò yàrá, fèrèsé sí ipò fèrèsé. Bí wọ́n bá ṣe tán, onílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ilé òun kò kú, ó ṣí ni. Wọn á ṣe àmín, wọn á jẹun. Ilé tí onílé rẹ̀ kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ti kú nìyẹn, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń sùn nínú ilé onílé. Ọkọ ìyá yìí ti ṣí ilé náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí omi tún dé, ìyá ló ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta, òun náà ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó sọ èyí fún mi, díẹ̀ ló kù kí n dìde jó. Òfin kan wà tí gbogbo lọ́yà kọ́ níléèwé: ohun tí a bá kàn mọ́ ilẹ̀, ti ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò ti wà lábẹ́ òkun, ohun ìdógò báńkì sì ti bá a lọ. Ilẹ̀ tí ilé wà báyìí jẹ́ ti gbogbo abúlé, ẹnikẹ́ni kò fi í dógò rí. Bí ó bá jẹ́ ilé tuntun ni ìyá kọ́ sórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pákó àtijọ́ ló fi kọ́ ọ, báńkì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. N kò rí ẹjọ́ kankan nínú ìwé ìdájọ́ tí wọ́n ti dá irú rẹ̀ rí. Mo rí i lọ́kàn mi pé ẹjọ́ yìí á dé kóòtù tó ga jù, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kà á, orúkọ mi á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn tó ń mójú tó báńkì, mo ní èlé tí wọ́n ń gbà kò bófin mu. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìlà mẹ́rin péré. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wà nílé ẹjọ́, àwọn kò lè dá sí i. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì tíì dé ilé ẹjọ́, wọn á ní kéèyàn lọ kọ́kọ́ bá báńkì rẹ̀ sọ ọ́. Mo fi ìwé náà sínú fáìlì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lọ́yà báńkì pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Ọmọbìnrin kan láti Àkúrẹ́ ni, kò lè ju ọmọ mi àkọ́bí lọ, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Ó ní, “Sà, àwọn oníbàárà mi ti ṣe tán láti fi gbogbo èlé jì wọ́n. Kí Màmá máa san ojúlówó owó tí wọ́n yá díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ilé á wà lọ́wọ́ wọn.”

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní kó lọ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n lọ wá ohun ìdógò wọn nínú òkun. Kò rín. Ó ní òun gbọ́, sà, ó sì padà sáyè rẹ̀.

N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá náà. Ohun tí òfin iṣẹ́ wa sọ ni pé oníbàárà ló ni ẹjọ́, òun ló sì gbọ́dọ̀ pinnu bóyá ó fẹ́ parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Mo mọ òfin náà lórí. Mo sọ fún ara mi pé màá sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tó yá mo ní kò tún pọn dandan mọ́, a máa borí. Títí di òní olónìí n kò tíì sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Adájọ́ wa kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi, ó gbọ́ ti báńkì, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ilé náà kí òun tó sọ ohunkóhun. Inú mi dùn. Mo pe ìyá wá sí ọ́fíìsì, mo sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

“Màmá, bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ ní ilé tuntun ni. Ẹ ní pákó ilé àtijọ́ lẹ fi kọ́ ọ. Kò sírọ́ níbẹ̀.”

Ó mi orí. Mo tún un sọ, ó tún mi orí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi pè é lórí fóònù láràárọ̀, tí mò ń rán an létí, kò sì sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Oǹdó tó ní òun mọ Ìlàjẹ, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé àgbà ibẹ̀ kì í wí pé rárá fún ẹni tó ń ran òun lọ́wọ́. Orí ni wọ́n máa ń mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí adájọ́ fẹ́ lọ wo ilé náà, a wọ ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì méjì láti èbúté. Adájọ́ àti akọ̀wé kóòtù wà nínú ọ̀kan, èmi, lọ́yà báńkì àti sọ̀fíò, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tí báńkì mú wá wà nínú èkejì. Adájọ́ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lórí aṣọ dúdú rẹ̀. Lọ́yà báńkì bì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ẹ̀bá òkun, mo sì fún un ní omi ọsàn tí mo mú lọ́wọ́. Nígbà tó yá, sọ̀fíò wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

Ó kígbe sí ọkọ̀ adájọ́ pé, “Olúwa mi, ibí ni.”

“Ibí wo?” adájọ́ béèrè.

“Ibi tí a wà yìí, Olúwa mi. Ó wà lábẹ́ wa.”

Gbogbo wa wolẹ̀. Omi ni. Òpó ilé kan tó ti jẹrà yọrí níwájú wa, ẹyẹ kan sì bà lé e. Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò. Mo ní láti bojú wo ẹ̀yìn kí adájọ́ má bàa rí ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi.

Láti ibẹ̀ la lọ sí abúlé. Ìyá ti wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Àwọn aládùúgbò náà wà lẹ́nu ọ̀nà tiwọn. Àwọn ọkùnrin tó gbé pákó náà léjìká wà níbẹ̀. Akọ̀wé kóòtù gbé Bíbélì fún un, ó búra. Lọ́yà báńkì, tí ìrìn ojú òkun ti rẹ̀, bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé ilé ta ni èyí.

“Ulé ọkọ mi ni.”

“Màmá, ṣé ilé tí ẹ fi dógò lọ́dọ̀ báńkì nìyí, àbí ilé mìíràn tí ẹ kọ́ lẹ́yìn rẹ̀?”

Ìyá wo ojú mi. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

“Ulé kan náà ni, ọma mi. Kò kú. Ó ṣí ni.”

Ẹnìkan nínú àwọn aládùúgbò ṣe àmín. Ìyá fa lọ́yà báńkì lọ́wọ́, ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi nọ́ńbà tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà funfun kọ sára pákó hàn án, láti oókan lọ. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń fi í hàn án. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo dìde láti tún ọ̀rọ̀ ṣe. “Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ fi pákó àtijọ́ kọ́ ilé tuntun?”

“Lọ́yà, ẹ wà níbẹ̀ ni?”

Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ìyá di ẹja yíyan fún gbogbo wa. Adájọ́ ní òun kò gbọ́dọ̀ gbà á, ó ní kó gbé e fún awakọ̀. Lọ́yà báńkì gba tirẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀.

Ìdájọ́ jáde lẹ́yìn oṣù méjì. Adájọ́ kà á pẹ̀lú àánú, ó yin ìyá náà pé olóòótọ́ ni. Ó ní àlàyé lọ́yà rẹ̀ lórí òfin dùn ún gbọ́, ì bá sì ṣeé ṣe kí òun gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé ti búra pé ilé tí òun fi dógò gan-an nìyí. Báńkì lè gbà á, kí wọ́n tà á. Òótọ́ tí ìyá sọ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Mo bínú sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, èmi tí mo ń pè é ní Màmá. Mo ní ó ba ẹjọ́ mi jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́, ẹjọ́ mi.

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ẹ ò jẹ́ kó yé mi pé ṣe ni kí n pa ulé ọkọ mi lójú àwọn tó bá mi gbé e. Bí ẹ bá jẹ́ kó yé mi, ǹ bá ti sọ fún yín pé n kò ní lè ṣe é. Ẹ̀ bá ti wá ọ̀nà mìíràn.”

Ọ̀nà mìíràn wà nígbà náà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, òjò ń bọ̀.

Àwọn béílìfù, òṣìṣẹ́ tó ń mú àṣẹ kóòtù ṣẹ, wá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa, wọ́n lẹ ìwé onítáǹpù mọ́ ọn. Ìyá kó lọ sí yàrá kan nínú ilé àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀yìn abúlé, ó kó ohun tó fi ń yan ẹja dání. Báńkì polówó ilé náà. Ta ni yóò rà á? Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò jẹ́ ra ilé tó kọjú sí òkun, ará abúlé kò sì jẹ́ ra ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ilé kò tà, wọn kò sì dá a padà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tí òjò wá pọ̀, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti ṣe tán láti ṣí ilé náà sẹ́yìn, ṣé kò sí wàhálà? Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Àṣẹ kóòtù wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá tú pákó kan níbẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n. Mo ní kí wọ́n dúró, kí n gba àyè fún wọn.

Mo kọ ìwé sí báńkì ní Ìgbòkòdá. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn tó wà ní olú ilé iṣẹ́ ló lè fọwọ́ sí i. Olú ilé iṣẹ́ ní kí ẹni tó ń díye lé ilé kọ́kọ́ lọ wò ó. Ẹni tó ń díye lé ilé ní òun kì í wọ ọkọ̀ ojú omi lásìkò òjò. Mo lọ sí kóòtù, kóòtù ti lọ ìsinmi ọdọọdún. Mo gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ fún adájọ́ tó ń jókòó lásìkò ìsinmi, akọ̀wé gbà á, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó sì fún mi ní ọjọ́. Ọjọ́ náà ku ọjọ́ mọ́kànlá. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọkùnrin náà ń pè mí. Lọ́jọ́ kẹfà, wọn kò pè mọ́.

Ìyá ló pè mí lọ́jọ́ keje, bí aago mẹ́wàá àárọ̀.

“Lọ́yà, òkun ti gbé e. A dúró, à ń wò ó.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́.”

“Àwọn tó bá mi gbé e nígbà yẹn ń sunkún. Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́, lọ́yà ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó mọ ìdí rẹ̀.” Ó wá béèrè pé, “Ṣé ẹjọ́ wa ti parí báyìí?”

Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa fi irọ́ tu èèyàn nínú. Mo sọ fún un pé kò tíì parí. Báńkì kò rí ilé tà, nítorí náà gbogbo gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú èlé, wọ́n sì lè wá gba ohunkóhun tó bá ní.

“Àgbá mẹ́rin tí mo fi ń yan ẹja ló kù. Ṣé aghan á gba ìyẹn náà?”

“Òfin gbà wọ́n láyè, Màmá.”

Ó ní kí n jọ̀ọ́ dúró ná, òun fẹ́ lọ yí ẹja tó wà lórí iná kó má bàa jó. Ó gbé fóònù kalẹ̀. Mo di tèmi mú mọ́ etí, mò ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń ta lórí iná, mo sì ń dúró dè é.